Tíì Tí Ó Ń Pa Ooru, Ikọ́ Tí Kò Gbọ́ Ti Tíì

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ àìsàn yìí sí létí, tí o ká ìwé àyẹ̀wò sínú àpò kí ẹlòmíràn má baà rí i, ìwọ ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. N kò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ bí àyà rẹ ṣe ń lù. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì jẹ ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní etíkun Ìlàjẹ, èyí tí òkun ti gbé lọ báyìí. Mo ka ìwé púpọ̀, mo ṣì ń ka. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó fẹ́ pa mí. Ohun tí ó fẹ́ pa mí ni pé mo rò pé mo ti mọ̀ tó, tí n kò fi béèrè.

Ilé wa wà lórí òpó, ní ẹ̀gbẹ́ odò tóóró kan, kò jìnnà sí Òde Ugbò bí a bá wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ìyàwó mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Bọ̀dé, ni ó ń yan ẹja àti edé tà. Ààrò rẹ̀ mẹ́ta wà lábẹ́ òrùlé páànù lẹ́yìn ilé, èéfín wọn sì ti wọ inú aṣọ wa, inú ìwé mi, àti inú irun orí wa. Láàrin wa níbí, bí ènìyàn bá ń húkọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín sí ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí ara ènìyàn bá gbóná, ooru ààrò ni a kọ́kọ́ ń mú lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. A bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà dé. Ikọ́ gbígbẹ ni, kékeré, bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó tún fi í sílẹ̀. N kò kà á sí. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ ni ara mi ń gbóná, pàápàá àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì mi yóò ti tutù bí èyí tí a fọ̀ tí a kò fún. Lẹ́yìn náà ni ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi. Mo fi ìṣó lu ihò kan sí bẹ́líìtì mi, mo tún lu ìkejì. Oúnjẹ kò wù mí mọ́.

Gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn mi ni ó mú nǹkan wá. Àbúrò mi obìnrin gbé ìkòkò àgbo wá láti Araromi. Àwọn ará ìjọ gbé omi àdúrà wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyá Bọ̀dé nìkan ni kò gbé nǹkan kan wá. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ láràárọ̀: "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Igbókòdá, kí dókítà gbọ́ ikọ́ yìí." Èmi yóò sì dá a lóhùn pé àgbà tí ó bá ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn nítorí èéfín, kí ni yóò wá ṣe bí àìsàn gidi bá dé?

Bọ̀dé, àkọ́bí wa, ń ṣòwò ní ìlú Guangzhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ó ń rà ránṣẹ́ sílé. Ọmọ tí ó mọ òbí lójú ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó pè wá lórí fóònù tí a fi ń ríra ẹni, ó sì tẹjú mọ́ mi.

"Bàbá, ẹ ti rù."

"Àgbà ń dé ni."

"Àgbà kì í fi oṣù méjì dé. Kí ni ẹ ń rí lára?"

Mo ro ó fún un: ikọ́, ooru ìrọ̀lẹ́, òógùn, ẹnu tí ń gbẹ.

"Ooru inú ni, Bàbá," ni ó wí. "Kò sí òpópónà tí wọn kò ti ń ta tíì tí ó ń pa á níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé tí ọ̀fun ń dùn mí, òun ni wọ́n fún mi mu. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀fun dákẹ́. Màá fi ránṣẹ́."

Ìyá Bọ̀dé ti ẹ̀yìn mi dá sí i: "Bọ̀dé, ṣé tíì yẹn lè gbé bàbá rẹ dé Igbókòdá?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ará ìlú wa kan tí ó ń bọ̀ wálé ni ó gbé ẹrù náà wá. Mo fẹ́ sọ bí ó ti rí, nítorí ó rẹwà. Òdòdó funfun kéékèèké wà níbẹ̀, tí a sá gbẹ, tí ó máa ń là padà nínú omi gbígbóná bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná. Ìrudi òdòdó mìíràn wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ta sánsán. Egbò kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí atalẹ̀ pupa, tí ó korò bí jogbo, àti èyí tí ó dùn, tí wọ́n fi ń bo ìkorò ti àkọ́kọ́. Ìwé pélébé kan bá a wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo wọ jígí mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí ó wà nínú ìwé náà wọ̀ mí lọ́kàn. Ó ní àwọn àgbà ilẹ̀ Ṣáínà pín oúnjẹ àti egbòogi sí ọ̀nà méjì, èyí tí ń mú ara gbóná àti èyí tí ń tù ú, àti pé kì í ṣe iná ìdáná ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe ohun tí ó ń ṣe nínú ara. Ó ní ohun tí a yan, ohun tí a dín, ohun tí a fi èéfín gbẹ, ooru ni gbogbo wọn. Ewébẹ̀, bàrà olómi, òdòdó inú páálí yìí, ìtura ni. Mo gbé ìwé wá, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀, mo kọ ooru sí apá kan àti ìtura sí apá kejì, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Nígbà tí mo parí, mo wo apá ooru. Gbogbo ohun tí à ń jẹ ní Ìlàjẹ ni ó kún ibẹ̀. Ẹja yíyan. Edé yíyan. Àní púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe pàápàá, nítorí orí iná ni a ti ń gbẹ ẹ́ kí a tó gún un.

Ó dà bí ẹni pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Mo pe ìyàwó mi, mo fi ìwé náà hàn án.

"Ìyá Bọ̀dé, ààrò wọ̀nyí ni."

"Kí ni ààrò ṣe?"

"Wọ́n ti fi ooru kún mi lára láti ọdún pípẹ́ wá. Ó yẹ kí a gbé wọn kúrò lẹ́yìn ilé."

Ó wo ìwé, ó wò mí. "Láti ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti fẹ́ yín, ẹ̀yìn ilé ni ààrò wà. Ẹja inú rẹ̀ ni ẹ fi tóbi."

"Ohun tí ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ni mò ń sọ."

"Ó dára, tísà," ni ó wí. Bí ó bá ti pè mí ní tísà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, kì í sì í ṣe pé mo jàre. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kó ààrò rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì odò. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, yóò wa ara rẹ̀ lọ, yóò sì wa ara rẹ̀ bọ̀. Mo máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ife tíì mi, n ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni. N kò rò ó nígbà náà. Mo ń rò ó báyìí.

Mo pa ẹja yíyan tì, mo pa púpurú tì. Ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ ewé dúdú ilẹ̀ wa tí mo fẹ́ràn jù láyé, mo kọ̀ ọ́ nítorí ẹja yíyan inú rẹ̀. Bàrà olómi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ láìsí epo ni mò ń jẹ, mo sì ń mu tíì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fun mi tù. Ikọ́ náà rọra. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń ṣàlàyé ooru àti ìtura fún àwọn ará. Ọkùnrin apẹja kan bi mí léèrè pé, "Tísà, bí ẹja yíyan bá jẹ́ ooru, báwo ni àwọn bàbá wa ṣe dàgbà?" Mo fún un ní èsì gígùn. N kò rántí ohun tí mo sọ, mo kàn mọ̀ pé ó gùn.

Lẹ́yìn náà ni ìtura náà tán. Ikọ́ padà, ó jinlẹ̀, ó sì di ohun tí ń tẹ̀ mí síwájú bí mo bá jókòó. Mo ń rù sí i, ṣùgbọ́n mo ti ní àlàyé fún ìyẹn náà. Mo ní ooru ni ó ń jáde, ara sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́ bí ẹrù bá ń kúrò nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo húkọ́ sínú áńkáṣíìfù mi, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò pọ̀. Mo fọ̀ ọ́ fúnra mi, mo sá a sí ẹ̀yìn fèrèsé níbi tí ìyàwó mi kì í dé.

Kí n sọ òótọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún ọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ooru ààrò. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bà mí, mo sì ń mu tíì lọ nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mu ún, orúkọ àìsàn mi yóò ṣì máa jẹ́ ooru.

Ibi tí ìdáǹdè ti wá yóò yà ọ́ lẹ́nu. Bọ̀dé lọ ra tíì sí i fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti máa ń rà á. Ìyá arúgbó kan ni ó ni ibẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Ó bi ọmọ mi ta ni ó ń mu tó báyìí. Bọ̀dé sọ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó pè mí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Bàbá, màmá náà bínú sí mi. Kò ta tíì fún mi."

"Èé ṣe?"

"Ó ní tíì òun wà fún ẹni tí ó jẹ ohun dídín jù, tàbí ẹni tí oòrùn pa. Ó ní ta ni ó sọ fún mi pé a fi ń wo ikọ́ olóṣù mẹ́ta. Ó béèrè bóyá ẹ ń làágùn lójú oorun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ẹ ń rù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní ṣé bàbá méjì ni mo ní, tí mo fi ń fi ọ̀kan ṣeré." Ó tún ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ikọ́ náà? Ó ní kí n béèrè."

Ìyá Bọ̀dé jókòó tì mí, ó ń ṣa edé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mo ní, "Ó wà."

Ó da edé tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́, ó wọlé lọ, ó sì jáde pẹ̀lú bàtà mi. Nígbà tí a wà nínú ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo ti fi aṣọ bo àyà nítorí afẹ́fẹ́, ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pe Igbókòdá ní èdè tí a jọ ń sọ. Ó di ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Ṣáínà kí ó tó yé yín."

Awakọ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí tí ọkọ̀ fi fẹ́ yà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ikọ́, ikọ́ sì pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn mi títí tí a fi dé èbúté.

Ní ilé ìwòsàn, èrò pọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo rí àwọn tí mo kọ́ ní ìwé rí nínú èrò náà, mo sì ń fi ìwé ìròyìn bo ojú. Nígbà tí ó kàn wá, nọ́ọ̀sì kan tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún fún mi ní ike kékeré kan, ó ní kí n lọ sí ìta gbangba, kí n húkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kí n sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú tì mí. Ó rí i, ó sì ní, "Bàbá, iṣẹ́ ni ẹ ń bá mi ṣe yẹn. Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni." N kò lè gbàgbé ìyẹn.

Ikọ́ ife ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Nígbà tí èsì dé, ohùn jẹ́jẹ́ ni nọ́ọ̀sì náà fi sọ ọ́, ó sì fi ohùn kan náà sọ èyí tí ó tẹ̀ lé e: pé ó ní oògùn, pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, pé bí mo bá lò ó fún oṣù mẹ́fà láìfo ọjọ́ kan, ó ń lọ. Mo bi í nípa ooru ààrò. Ó ní èéfín kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èéfín kì í bí ikọ́ ife. Kòkòrò ni, láti ẹnu ẹni tí ó ní i ni ó sì ti ń gba inú afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Mo bi í nípa tíì mi. Dókítà ni ó dá mi lóhùn, ó ní òun kò bú tíì ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ mi ni yóò máa ru oògùn wọn fún oṣù mẹ́fà, kí n má ṣe di ẹrù mìíràn lé e. Àgbo pẹ̀lú, kí n pa á tì. Ó wá bi mí ní ohun tí mò ń jẹ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo ìyàwó mi.

"Mà, ẹ fún bàbá ní ẹja."

Ìyá Bọ̀dé dá a lóhùn pé, "Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, dókítà. Ìwé nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀."

Bí wọ́n bá ti fún ọ ní oògùn náà, má bẹ̀rù bí ìtọ̀ rẹ bá pupa bí omi ọsàn. Èmi rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, mo sì ti ń ronú ẹni tí yóò jogún ìwé mi. Oògùn ni. Ṣí fèrèsé rẹ. Fi aṣọ bo ẹnu bí o bá ń húkọ́. Jẹun. Ní oṣù kejì, ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá, mo sì ní kí ìyàwó mi kó ààrò rẹ̀ padà wálé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi ná, ó ti ń rẹ òun.

Ó ti ń rẹ òun. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ó ń húkọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rí tèmi ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n bi òun náà léèrè, kò húkọ́, kò sì làágùn. Nígbà tí ikọ́ dé, ó ní èéfín ni, nítorí pé ọmọ Ìlàjẹ ni òun náà. Ní ọjọ́ kejì gan-an, èmi ni mo gbé bàtà rẹ̀ jáde.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní i.

N kò mọ bí a ti dé èbúté. A jókòó ti ọkọ̀ tí kò tí ì kún, mo sì sọ ohun tí mo ní láti sọ. "Ìyá Bọ̀dé, èmi ni mo kó o ràn ọ́. Gbogbo oṣù tí mo fi ń mu tíì, tí mo ní ààrò rẹ ni ó ń pa mí, èmi ni mò ń húkọ́ sí ọ lára. Mo tún lé ọ kọjá odò."

Ó ń tún ìdí gèlè rẹ̀ ṣe.

"Èmi náà gbọ́ ikọ́ yín, mo sì sún mọ́ yín," ni ó wí. "Ta ni ó ní kí n lọ sùn sí yàrá kejì tí mo gbà? Ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí mo bá sọ ọ̀rọ̀, ẹ má retí kí ó ti òkè òkun dé."

Nítorí náà ni a ṣe ń lo oògùn pọ̀ láràárọ̀, èmi pẹ̀lú tèmi, òun pẹ̀lú tirẹ̀, tí oníkálukú ń ṣọ́ ọ̀fun ẹnì kejì. Bọ̀dé ń pè, ó ń sunkún, ó ní òun ni ó fẹ́ pa wá. Mo sọ fún un pé ìfẹ́ ni ó fi ránṣẹ́, èmi ni mo fi í ṣe ilé ìwòsàn. Mo ní kí ó bá mi kí màmá tí kò ta ọjà rẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́fà tèmi kọ́kọ́ pé. Tirẹ̀ ku oṣù méjì. Fún oṣù méjì náà, n kò ní oògùn lílò mọ́, ṣùgbọ́n mo ń jí ní àkókò kan náà, mo ń bu omi sínú ife méjì, mo sì ń mu tèmi nígbà tí ó bá ń gbé tirẹ̀ mì.

Ìwọ tí o ń ka èyí, bí ikọ́ rẹ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, má fún un ní orúkọ fúnra rẹ. Jẹ́ kí àwọn tí ó ní ike kékeré yẹn fún un ní orúkọ. Lọ lónìí, kí o sì mú ẹni tí ẹ jọ ń mí nínú yàrá kan náà lọ. Bí ara ẹni náà bá le lónìí, tún mú un padà lọ.

Ní ti wa, a wà láàyè. Àyẹ̀wò ìkẹyìn rẹ̀ mọ́, tèmi mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró mi ní àpá, dókítà fi hàn mí nínú àwòrán àyà, ó ní kò ní parẹ́. Bí a bá ń rìn lórí afárá pákó láti èbúté lọ sílé, n kò lè rìn ín tán láìdúró. Ìyá Bọ̀dé kì í béèrè kí ló dé. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dúró, yóò fara ti igi afárá, yóò máa wo omi bí ẹni tí ó rí nǹkan níbẹ̀, títí èémí mi yóò fi padà.